Láti Ẹ̀yìnkùlé dé Ọjà Ìpín: Ìtàn Òwò Ohun Èlò Orí Òkè ní Amẹ́ríkà

Àgọ́, àpò ìsùn, báàgì ẹ̀yìn, kóòtù òjò, bàtà òkè, okùn àti irin ìgunkè ni òwò yìí ń tà. Àwọn tó ń rà wọ́n ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ọdẹ nìkan mọ́. Aráàlú ni ọ̀pọ̀ wọn, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n fi ń wọ igbó, tí wọ́n ń pọ́n àpáta, tí wọ́n sì ń sùn sí gbangba nítorí pé ó wù wọ́n. Àwọn tó ń ṣe ọjà náà fún wọn pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà, tí ìpín ìdókòwò wọn ń yí lọ́wọ́ ní New York, tí wọ́n ń rán aṣọ wọn nílẹ̀ Éṣíà, tí orúkọ wọn sì wà láyà ẹni tí kò gun òkè rí. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké náà wà, tí ẹni tó ni ín ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ gé aṣọ. Ó rọrùn láti rò pé ẹ̀yà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìtàn kò fara mọ́ èrò náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé ńlá kan nínú òwò yìí tí kò ti inú yàrá, ẹ̀yìnkùlé tàbí ilé àjà ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn jáde, púpọ̀ nínú wọn kò sì dàgbà ju ẹni tó dá wọn sílẹ̀ lọ kí wọ́n tó bọ́ sọ́wọ́ olówó.

Ní ìlú Freeport, ìpínlẹ̀ Maine, ọ̀gbẹ́ni kan tó fẹ́ràn ọdẹ, Leon Leonwood Bean, kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rin fún omi mọ́. Ó ní kí wọ́n rán awọ mọ́ orí bàtà rọ́bà, nígbà tó sì di 1912, ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn àlejò tó ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ ní Maine, ó ń polówó bàtà náà fún wọn. Nínú 100 àkọ́kọ́ tó tà, 90 ló padà wá, nítorí pé rọ́bà ya kúrò lára awọ. Bean dá owó olówó padà, ó yá owó mìíràn, ó tún bàtà náà ṣe, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù nílùú oníbàárà rẹ̀ kò ní nǹkan kan tó lè fi fà á mọ́ra ju kí ó ṣèlérí pé owó yóò padà bí ọjà kò bá dára. Ìlérí yìí di àṣà òwò náà, àwọn ilé ńlá sì jogún rẹ̀ tòun ti ìnáwó rẹ̀. L.L. Bean fúnra rẹ̀ kò fi gbèdéke sí ọjọ́ ìdápadà ọjà títí di 2018, nígbà tó sọ ọ́ di ọdún kan.

Ọ̀nà tí Lloyd Anderson àti ìyàwó rẹ̀ Mary gbà ní Seattle yàtọ̀. Àáké yìnyín ni Lloyd ń wá, irú èyí tí àwọn agunkè fi ń gbá ẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí òkè tí yìnyín bò. Ní Seattle, iye rẹ̀ tó 20 dọ́là. Nígbà tó kọ̀wé sí Austria tààrà, 3 dọ́là àti àádọ́ta sẹ́ǹtì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gun òkè ní kí ó bá àwọn náà rà. Ní 1938, ènìyàn 23 da dọ́là kọ̀ọ̀kan jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, èyí tó di REI. Bí ọdún bá parí, èrè a padà sọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí oníkálukú rà ṣe pọ̀ tó. Ilé Anderson ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó ọjà pa mọ́ sí. Ní 1955 ni wọ́n tó gba òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, Jim Whittaker, ẹni tó di ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé téńté orí òkè Everest ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, 1963, tó sì padà wá di olórí ẹgbẹ́ náà. REI di ńlá gidi, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ju mílíọ̀nù 20 lọ lónìí, síbẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni tó lè ra ìpín rẹ̀ lọ́jà. Ohun tó ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké kò kéré: ó fún wọn ní àtẹ kan tí gbogbo ẹni tó ń gun òkè ń yà sí. Àmọ́ àtẹ náà ní ìnira tirẹ̀. Ẹni tí REI bá ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè kó ọjà tó pọ̀ wá lásìkò, kí ó sì fi sùúrù dúró de owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ìbéèrè ọjà ńlá yìí ti sọ di gbajúmọ̀, kò sì ṣọ̀wọ́n kí ó tì wọ́n sínú gbèsè.

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, ẹrù àgọ́ wúwo bí òkúta. Kánfáàsì ni àgọ́, igi ni férémù báàgì, irun àgùntàn sì ni aṣọ òtútù. Eddie Bauer, tóun náà ń tajà ní Seattle, ti ṣe kóòtù tó kún fún ìyẹ́ múlọ́múlọ́ ní 1936, lẹ́yìn tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lẹ́nu ìpẹja, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ogun ló yí gbogbo rẹ̀ padà, ọ̀nà tó sì gbà yí i padà wúlò fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Wallace Carothers ti ṣe náílọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní 1935, DuPont sì ti jẹ́ òmìrán láti ìgbà pípẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Nígbà tí ogun dí ọ̀nà sílíìkì Japan, aṣọ náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń rán agbòòrùn tí àwọn sójà fi ń bọ́ láti inú bàálù. Ìjọba tún kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun, ìyẹn Ẹ̀ka Kẹwàá ti Orí Òkè, bí a ṣe ń gbé inú yìnyín ní Camp Hale, ní Colorado. Nígbà tí ogun parí, àgọ́, àpò ìsùn àti aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ológun kò lò mọ́ ya wọ ọjà lówó pọ́ọ́kú. Kò sẹ́ni tó lè ṣe tuntun kí ó tà á ní iye yẹn, nítorí náà àwọn oníṣòwò ńlá kò du ọjà náà. Àwọn tó wọ iṣẹ́ náà ni àwọn tó ti lo ohun èlò ológun lórí òkè, tí wọ́n ti rí àléébù rẹ̀, tí wọ́n sì ní maṣíìnì ìránṣọ nílé.

Gerry Cunningham, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun orí òkè wọ̀nyẹn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Colorado ní 1946. Òun ló ṣe ìdè kékeré onísípíríńgì tó ń di okùn ẹnu àpò mú láìta kókó, ohun tó wà lára kóòtù àti báàgì káàkiri ayé báyìí láìsí ẹni tó rántí ẹni tó ṣe é. Ó tún ṣe báàgì ìgbọ́mọpọ̀n tó ní férémù, iṣẹ́ tí ọ̀já ti ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ní Boulder, Alice Holubar ń rán àpò ìsùn oníyẹ̀ẹ́ nílé, ọkọ rẹ̀ Roy sì ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì.

Dick Kelty ni ìtàn rẹ̀ fi ìṣesí òwò náà hàn jù. Káfíńtà ni ní Glendale, Kalifọ́níà, ó sì ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ bàálù nígbà ogun. Nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rìn lórí àwọn òkè Sierra Nevada, tí okùn báàgì ń gé wọn léjìká, wọ́n ti ẹsẹ̀ férémù onígi náà bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò wọn. Lọ́gán ni ẹrù fúyẹ́ lórí èjìká, tó bọ́ sórí ìbàdí. Kelty lọ sílé, ó fi ọ̀pá alumíníọ̀mù tẹ férémù tó bá ìtẹ̀ ẹ̀yìn ènìyàn mu, ó fi bẹ́líìtì ìbàdí sí i. Ìyàwó rẹ̀ Nena sì ń fi náílọ́ọ̀nù agbòòrùn rán àpò rẹ̀ nínú ilé. Ní 1952, ọdún àkọ́kọ́, 29 péré ni wọ́n tà, ní 24 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò tó ọdún 12 lẹ́yìn náà tí ikọ̀ Amẹ́ríkà gbé báàgì Kelty lọ sí Everest. Ẹni tó bá wo báàgì ẹ̀yìn gíga èyíkéyìí lónìí, ì báà jẹ́ ti ilé ńlá tàbí ti kékeré, yóò rí bẹ́líìtì Kelty níbẹ̀. Kelty kò sí lára àwọn tó jèrè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ta ilé-iṣẹ́ náà ní 1972.

Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá fún ìlú pọ̀ débi pé iṣẹ́ yìí hù káàkiri bí olú. Sierra Designs bẹ̀rẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 1965. Doug Tompkins àti Susie ìyàwó rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù The North Face ní San Francisco ní 1966. Ọdún méjì péré ni wọ́n lò kí wọ́n tó tà á fún Hap Klopp, tó gbé e lọ sí Berkeley, tó sì sọ ọ́ di ilé tó ń ṣe ọjà tirẹ̀. Ní 1967, Murray Pletz gba ẹ̀bùn pẹ̀lú férémù alumíníọ̀mù tó yà, ó sì sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ Jan Lewis pé bó bá fẹ́ òun, tó sì bá òun rán báàgì náà, orúkọ rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ yóò máa jẹ́. Báyìí ni JanSport ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Seattle, lókè ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó jẹ́ ti mọ̀lẹ́bí Skip Yowell, alábàáṣiṣẹ́ wọn. Frostline ní Colorado tilẹ̀ ń ta aṣọ tí wọ́n ti gé fún àwọn ènìyàn láti lọ rán fúnra wọn nílé, tòun ti ìwé àlàyé. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé obìnrin ló ń rán nǹkan ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ọkùnrin sì ni ìwé ìtàn máa ń pè ní olùdásílẹ̀.

Àgbẹ̀dẹ ni Yvon Chouinard gbà wọlé. Kò tíì pé ogún ọdún ní 1957 nígbà tó ra ìléru àlòkù, irin tí alágbẹ̀dẹ ń lu nǹkan lé tó wúwo ju 60 kílò lọ, ẹ̀mú àti òòlù, tó sì kọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé àwọn òbí rẹ̀ ní Burbank. Ìṣó àpáta ló ń rọ, irin pẹlẹbẹ tí agunkè ń gbá wọ ojú ibi tí àpáta ti là kí ó lè so okùn rẹ̀ mọ́ ọn. Irin rírọ̀ ni ti àwọn ará Yúróòpù; tí wọ́n bá ti gbá a wọlé, ibẹ̀ ló ń gbé. Èyí kò burú lórí òkè kúkurú, ṣùgbọ́n àpáta Yosemite ní Kalifọ́níà ga débi pé agunkè lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ru ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìṣó. Irin líle ni Chouinard lò, tí wọ́n lè fà yọ kí wọ́n sì tún un gbá síwájú. Méjì ló lè rọ láàárín wákàtí kan, 1 dọ́là àti àádọ́ta sẹ́ǹtì ló sì ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, nígbà tí ti Yúróòpù jẹ́ nǹkan bí 20 sẹ́ǹtì. Àwọn ènìyàn rà á ní ìlọ́po méje iye yẹn, nítorí pé ẹ̀mí wọn ló so mọ́ ọn. Ní 1965, Tom Frost, tó jẹ́ ẹnjiníà, darapọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó di 1970, Chouinard Equipment ló ń ta irin ìgunkè jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, síbẹ̀ èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí pé kí wọ́n tó jẹ èrè irinṣẹ́ kan ni wọ́n ti ń pààrọ̀ bátànì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun kan tó ṣòro kí ilé-iṣẹ́ tó ní onípìn-ín tó bá a ṣe. Wọ́n rí i pé gbígbá àti fífà ìṣó léraléra ti ń ba àpáta jẹ́. Nínú ìwé ọjà wọn ti 1972, wọ́n ní kí àwọn agunkè dẹ́kun lílo ìṣó, kí wọ́n lo àwọn irin alumíníọ̀mù tí a ń fi ọwọ́ há sínú àpáta láìlo òòlù, tí a sì lè fi ọwọ́ yọ. Ìṣó tí wọ́n ń bá wí yìí ni ìdá tó pọ̀ jù nínú ọjà wọn. Láàárín oṣù mélòó kan, títà ìṣó lọ sílẹ̀, irin tuntun sì ń tán kí wọ́n tó ṣe é. Aṣọ ni wọ́n wá fi gbé irin dúró. Chouinard ti rí i pé ẹ̀wù ràgúbì tó rà ní Skọ́tíláǹdì lágbára lórí àpáta. Ó kó irú rẹ̀ wá tà, nígbà tó sì di 1973, aṣọ ti ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Patagonia, ní Ventura.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gbé àwọn tó ń hun aṣọ wọnú ìtàn yìí, àwọn gan-an ló sì ní agbára tí kékeré àti ńlá jọ ń bẹ̀rù. Ilé-iṣẹ́ Gore náà bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilé Bill àti Vieve Gore ní Delaware ní 1958, ṣùgbọ́n wáyà iná ló fi dàgbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ agunkè. Ní 1969, ọmọ wọn Bob fi ìbínú fa ọ̀pá gbígbóná kan tí wọ́n fi PTFE, irú ike kan, ṣe lójijì. Ó nà, kò já, ó sì di ohun tó kún fún ihò tíntìntín tí omi òjò kò lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí ooru òógùn lè gbà jáde. Ilé kékeré kan ní Seattle, Early Winters, ló kọ́kọ́ fi aṣọ Gore-Tex ṣe ọjà fún àwọn agunkè ní 1976, nígbà tí kò tíì sí ilé ńlá tó gbà á gbọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo ayé gbà á gbọ́ tán, ẹnu ọ̀nà dín. Gore kì í ta aṣọ náà fún ẹni tó kàn mú owó wá: ó ń fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ, ó ń yẹ bátànì kóòtù wò, ó ń yẹ ibi tí wọ́n ti ń rán an wò. Òfin yìí ló jẹ́ kí kóòtù tó ní àmì Gore-Tex máa dènà òjò lóòótọ́. Òfin yìí kan náà ni kò jẹ́ kí ẹni tó ní maṣíìnì méjì lè ṣe é.

Malden Mills, ilé ìhunṣọ kan ní Massachusetts, fi ẹ̀gbẹ́ kejì hàn. Malinda, ìyàwó Chouinard, rí aṣọ onírun kan ní Los Angeles tó jẹ́ pé ìdérí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń fi rán. Láti ara irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni Patagonia àti Malden ti jọ ṣe aṣọ òtútù tí kì í mu omi, èyí tí wọ́n pè ní Synchilla ní 1985. Ilé ìhunṣọ náà là, àwọn ilé ńlá mìíràn sì ń bá a rà. Nígbà tí iná jó o ní oṣù Kejìlá 1995, Aaron Feuerstein tó ni ín ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìṣó bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí iṣẹ́, ó sì tún un kọ́ síbẹ̀. Gbogbo ìwé ìròyìn yìn ín. Ní 2001, gbèsè àtúnkọ́ gbé ilé-iṣẹ́ náà dé ilé ẹjọ́, ó sì bọ́ lọ́wọ́ Feuerstein.

Òfin àti ẹjọ́ ni ohun mìíràn tó pín ilé ńlá àti kékeré níyà. Ní àárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn tó fara pa bẹ̀rẹ̀ sí í pe Chouinard Equipment lẹ́jọ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe agunkè rárá: a-fọ-fèrèsé wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, ẹnìkan sì ṣèṣe níbi tí wọ́n ti ń fi okùn ìgunkè ṣeré fà-á-kí-n-fà-á. Owó adójútòfò ga ju èrè lọ. Ní 1989, Chouinard sá sábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo onígbèsè, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì da owó jọ lábẹ́ Peter Metcalf, wọ́n ra irinṣẹ́ àti ọjà ilé náà, wọ́n sì fún un lórúkọ tuntun, Black Diamond, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní 1991 wọ́n kó lọ sí Salt Lake City. Ilé ńlá ní agbẹjọ́rò tirẹ̀, ó sì ní ọjà mìíràn tó lè fi san owó ìtanràn. Ilé kékeré kò ní ju ọjà kan lọ, ẹjọ́ kan sì tó láti pa á. Patagonia náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro: ní 1991 kan náà, ó dá òṣìṣẹ́ 120 dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé ó ti dàgbà ju owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn kan di ńlá láìta ilé wọn. Paul àti Marie Lamfrom, àwọn Júù tó sá kúrò ní Jámánì, ra ṣọ́ọ̀bù fìlà kan ní Portland ní 1938, wọ́n sì sọ ọ́ ní Columbia. Ọmọ wọn Gert ló rán ẹ̀wù ìpẹja alápòpúpọ̀ àkọ́kọ́ wọn. Nígbà tí Neal Boyle, ọkọ Gert, kú ní 1970, gbèsè bo ilé-iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, ẹnìkan tó fẹ́ rà á sì fi 1,400 dọ́là lọ̀ ọ́. Gert lé e jáde. Òun àti ọmọ rẹ̀ Tim ló gbé ilé náà dìde, Columbia sì wọ ọjà ìpín ní 1998. Lẹ́yìn náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹlòmíràn: Sorel, Mountain Hardwear, prAna. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Sierra Designs ló dá Mountain Hardwear sílẹ̀ ní 1993. Báyìí ni ilé tó ti dàgbà ṣe ń bí ilé kékeré, tí ilé ńlá mìíràn á sì wá gbé e mì.

Títà àti rírà ló gbilẹ̀ jù lẹ́yìn 2000. VF, tó bẹ̀rẹ̀ bí ilé ìbọ̀wọ́ ní Pennsylvania ní 1899, ti gba JanSport ní 1986 nígbà tó ra ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Ní 2000, ó ra The North Face, tí ìṣirò owó rẹ̀ ti dàrú lẹ́yìn tó wọ ọjà ìpín. Timberland tẹ̀lé e ní 2011. Ọ̀nà Arc'teryx lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣọ́ọ̀bù àwọn agunkè ní North Vancouver, ní Kánádà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, bọ́ sọ́wọ́ Salomon, tó jẹ́ ti Adidas, Adidas tà wọ́n pọ̀ fún Amer Sports ti Finland ní 2005, ní 2019, Anta ti Ṣáínà ṣáájú àwọn tó ra Amer, nígbà tó sì di 2024, gbogbo rẹ̀ wọ ọjà ìpín New York. Black Diamond pẹ̀lú kò pẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ títí: ilé-iṣẹ́ Clarus rà á ní 2010 ní mílíọ̀nù 90 dọ́là, ó sì ra Gregory oníbáàgì mọ́ ọn.

Ohun tí oníbàárà rí nínú èyí kò burú tán. The North Face lábẹ́ VF dé ìlú tí kò ní òkè, kóòtù tó dára sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní osùnwọ̀n ọmọdé, obìnrin àti ẹni tó sanra, nítorí pé ẹni tó ń rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún nìkan ló lè san owó bátànì osùnwọ̀n mẹ́wàá. Ohun tó sọnù ni ìgboyà. Ilé tó ń ta ọjà fún ẹni tí kò mọ bó ṣe máa lò ó gbọ́dọ̀ ṣe é kí ó nípọn, kí ó má baà padà wá. Nígbà tó fi máa di 1990, báàgì ẹ̀yìn òfìfo ti tó kílò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta.

Ray Jardine, tó ti ṣe irin ìgunkè tí wọ́n ń pè ní Friends ṣáájú, ló fọ́ ìwà yìí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Jenny rin ọ̀nà Pacific Crest, tó lọ láti ẹnu ibodè Mexico dé Kánádà, pẹ̀lú báàgì tí ó fúnra rẹ̀ rán, tí kò ní férémù, ó sì kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1992. Àwọn tó ka ìwé náà bá maṣíìnì ìyá wọn jókòó. Glen Van Peski ní Kalifọ́níà ṣe báàgì kan tí kò tó ìlàjì kílò, ó fún àwọn ènìyàn ní bátànì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọn tí kò mọ aṣọ rán ní kí ó bá àwọn rán an, iṣẹ́ rẹ̀ di Gossamer Gear. Henry Shires náà fún àwọn ènìyàn ní bátànì àgọ́ tó lò ní Pacific Crest ní 1999 lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀nà kan náà sì ni Tarptent gbà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún rí aṣọ kan tí ilé ńlá kò kà sí, aṣọ ìgbòkun tí ọkọ̀ ojú omi America³ lò nínú ìdíje 1992. Ó fúyẹ́ bí ìwé, ó lágbára ju irin ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ó sì wọ́n. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí: àwọn tó ní èrò kò ní owó láti rán ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, àwọn tó ní owó kò lè ta aṣọ tí ẹ̀gún kan lè ya.

Ilé kan dán an wò láti so méjèèjì pọ̀. GoLite bẹ̀rẹ̀ ní Boulder ní 1998 pẹ̀lú bátànì Jardine, ó fẹ́ kí ẹrù fífúyẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Nígbà tó dàgbà, ó ń ṣe kóòtù bíi ti gbogbo ayé, owó rẹ̀ kò sì tó èyí tó lè fi bá àwọn òmìrán du àtẹ. Ní 2014, ó kógbá sílé. Àwọn tó dúró ni àwọn tó kọ̀ láti dàgbà kíákíá: Zpacks ní Florida, Hyperlite nínú ilé ìhunṣọ àtijọ́ kan ní Biddeford, Maine. Tààrà ni wọ́n ń ta ọjà fún oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí Bean ń fi lẹ́tà gbà, owó tí ṣọ́ọ̀bù ì bá sì gbà ń dúró sápò wọn. Ẹni tó bá rà á lè dúró pẹ́ kí wọ́n tó rán tirẹ̀, ó sì máa ń san ju ti ilé ńlá lọ. Bí síìpù bá bàjẹ́, ẹni tó rán an ni yóò dáhùn lẹ́tà rẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, àwọn ilé ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé báàgì fífúyẹ́ tiwọn jáde. Wọ́n ti jẹ́ kí àwọn kékeré san owó àṣìṣe tán.

VF kò rí ayé jẹ gẹ́gẹ́ bó ṣe rò. Ó ra Supreme, aṣọ àwọn ọ̀dọ́ ìgboro, ní 2020 ní iye tó ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ, ó sì tà á ní 2024 ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ láti fi san gbèsè. Patagonia gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ìdílé Chouinard fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìpín rẹ̀, èyí tó ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, sọ́wọ́ àwọn alábòójútó, wọ́n sì fi ìdá 98 yòókù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tó ń ná èrè rẹ̀ sórí ààbò ilẹ̀, omi àti igbó. Àwọn tó mọ ìṣirò dá iye rẹ̀ sí bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ra Patagonia kò ní rí ẹni tí yóò bá dúnàádúrà.